Ọ̀wẹ̀ Fèrè ní Òmù

Eyín kan ṣoṣo ló fa gbogbo rẹ̀. Eyín iwájú Bàbá Lánípẹ̀kun ni, ti òkè, èyí tó wà láàárín gan-an. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀, nígbà tí iṣu tuntun yóò sì fi jáde, Bàbá ò lè fi ya ẹran mọ́. Ẹran kọ́ ló ń dun Moyinolúwa, ọmọ àbúrò Bàbá, fèrè ni. Tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni Bàbá ń fun, ẹni tó bá sì ti fun un rí mọ̀ pé eyín iwájú ni ètè fẹ̀yìn tì. Bí eyín bá yẹ̀, ohùn yẹ̀ nìyẹn. Dókítà eléyín ti yẹ ẹnu náà wò, ó ní kí wọ́n mú Bàbá wá lọ́jọ́ Ajé, òun yóò yọ ọ́, òun yóò sì yọ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ìdí wọn ti jẹrà. Eyín àtọwọ́dá lè dé tó bá yá. Ṣùgbọ́n bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìgbà wo ni yóò tún fi ẹnu tuntun kọ́ fèrè?

Ẹ má sọ pé kí ló burú níbẹ̀ o. Bàbá Lánípẹ̀kun, ẹ̀gbọ́n ìyá Moyinolúwa, ti fun fèrè fún ẹgbẹ́ olórin tó pọ̀ ju irun orí rẹ̀ lọ, ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Àkúrẹ́. Ẹ gbé rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn ọ̀gá rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, ẹ ó gbọ́ fèrè rẹ̀ níbẹ̀ kedere. Orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ wá a títí, ẹ ò ní rí i. Orin kan péré ló jẹ́ tirẹ̀, tó fi orí ara rẹ̀ dá, jáàsì kan tó ń rọra rìn bí ẹni ń ti oko bọ̀ nírọ̀lẹ́. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́: "Àṣàkẹ́." Ìgbà tó ń fẹ́ ìyàwó náà ló dá a, kò sì sí ẹ̀rọ kankan tó gba orin náà sílẹ̀ rí. Bí eyín bá kúrò lọ́jọ́ Ajé kí orin tó wọ inú ẹ̀rọ, ó parí nìyẹn. Yóò di ohun tí Moyinolúwa á máa ròyìn fún àwọn èèyàn tí kò ní gbà á gbọ́. Bàbá yìí ló kọ́ ọ ní fèrè fífun nígbà tí kò tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀ já gaara, títí tó fi di ẹni tó ń fun sásófóònù lónìí. Ọkàn rẹ̀ ò gbà á rárá.

Ló bá pinnu: ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ọjọ́ Ajé tó dé, a ó gba orin Bàbá sílẹ̀.

Kò sí ilé iṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ náwó sí i. Èèyàn mẹ́ta ló ní lọ́kàn. Èkíní ni Dókítà Glory, ọmọ Kàlàbá tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò ní yunifásítì ní Ọyẹ́, tí ìka rẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù sì dùn ju ìṣirò rẹ̀ lọ. Èkejì ni Festus, tó ń lu dírọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìkọ̀lé. Ẹ̀kẹta ni Abdulazeez, ọmọ Ìlúpéjú, akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń gba wáàsì àti ìgbéyàwó sílẹ̀, tó ní maíìkì àti láptọ́ọ̀pù tirẹ̀. Ó yẹ kí Moyinolúwa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi ṣe é, ẹ̀yin mẹ́ta péré." Ohun tó sọ sínú Wasáàpù nìyí:

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín ní ọ̀wẹ̀ o. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ní ilé kòkó àtijọ́ ní Òmù. Orin Bàbá Lánípẹ̀kun la fẹ́ gbà sílẹ̀. Kí olúkúlùkù gbé ohun tó ń lò wá."

Háà! Ọmọ Èkìtì gidi! Ta ní ń fi ọ̀wẹ̀ ṣeré? Bí o bá pe èèyàn síṣẹ́, ẹni tí o pè ló ń bọ̀. Bí o bá bẹ ọ̀wẹ̀, gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ń bọ̀. Lóòótọ́, o ò ní sanwó, ṣùgbọ́n àwọn òfin kan wà tó ti wà kí wọ́n tó bí ìyá ẹ. Ẹni tó bá gbé ọkọ́ wá, wọn kì í dá a padà. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́, kò gbọdọ̀ fi ebi lọ ilé. Poro tó bá sì kẹ́yìn nínú oko, olóko fúnra rẹ̀ ni í ro ó, kí àwọn àlejò má baà ní ó fi àwọn ṣe ẹrú. Moyinolúwa mọ gbogbo èyí. Ó kàn gbàgbé ni, nítorí ayọ̀ ń pa á bí ọtí.

Festus gbọ́ ohùn náà, ó fi ṣọwọ́ sí àwọn afunfèrè ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìrèlé. Dókítà Glory, tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ ọ̀wẹ̀, fi ṣọwọ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun; àwọn yẹn túmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì di gìtá wọn. Abdulazeez jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ sì ni Àlàájà Sọ̀fíyátù, olórí àwọn obìnrin asàlátù ní Ìlúpéjú. "Ọ̀wẹ̀ kẹ̀?" ni ìyá náà wí. "Ọ̀wẹ̀ Bàbá Lánípẹ̀kun, kí n má lọ? Ṣé ojú mi ti fọ́ ni?"

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, Moyinolúwa àti Abdulazeez ti ń fi àpò kòkó kọ́ ara ògiri, kí ohùn má baà máa ta padà. Ilé náà dára fún orin, ẹ má purọ́. Ògiri amọ̀ ni, ó nípọn, òrùlé rẹ̀ ga, bí o bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn rẹ á yí ká bí ẹni sọ̀rọ̀ sínú ìkòkò. Abdulazeez ti gbé páńẹ́ẹ̀lì sólà sórí páànù, nítorí jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ dún nítòsí. Wọ́n ti bẹ bírìkìlà tó ń kọ́ ilé lọ́ọ̀ọ́kán pé kó sinmi lónìí. Wọ́n ti bẹ àwọn ọlọ́kadà pé kí wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Moyinolúwa wo gbogbo rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé òun ti dí gbogbo ihò tí ariwo lè gbà wọlé.

Bàbá ti wà níbẹ̀ ní tirẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó jókòó sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kòkó láyé àtijọ́, ó ń fi ahọ́n tẹ eyín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá, eyín ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Má pariwo orúkọ rẹ̀, kó má baà dá a lóhùn."

Moyinolúwa ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ọ̀kadà. Ó jáde láti bá onítọ̀hún jà pé kó gba ẹ̀yìn. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà gbé fèrè ńlá kan lọ́wọ́, ó kí i, ó ní ọ̀wẹ̀ ló gbé òun wá. Ọ̀kadà kejì dé lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mọ́tò kékeré kan dé tí àwọn ará Ìrèlé kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, gbogbo wọn ló gbé fèrè, èyí tó kúrú, èyí tó gùn, èyí tó ń nà tó sì ń ká. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ọyẹ́ dé, ọmọ Tív, ọmọ Ìgbò, ọmọ Ẹdó, pẹ̀lú gìtá àti fáólìn. Àwọn obìnrin asàlátù sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tiwọn pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, híjáàbù wọn funfun báláú, Àlàájà Sọ̀fíyátù ló ṣíwájú, ó ti ń kọrin bọ̀ láti ojú ọ̀nà. Ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé kọ́díọ̀nù wá. Ẹnìkan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé fèrè rẹfirí bọ́ọ̀lù nìkan ló ní lọ́wọ́. Wọ́n ní kí ló fẹ́ fìyẹn ṣe. Ó ní ọ̀wẹ̀ ṣáà ni ọ̀wẹ̀, kí wọ́n fi òun sílẹ̀.

Abdulazeez wo èrò, ó wo maíìkì rẹ̀, ó wo èrò lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Áńtí Moyin," ló wí, "ìyẹn ìyá mi náà wà níbẹ̀. Ẹ má ní kí n lé wọn o."

"Èmi ni n ó lé wọn," ni Moyinolúwa dáhùn. Eyín kan péré ló gbójú lé, kò ní ọjọ́ mìíràn, báwo ni yóò ṣe fi odidi ìlú kún un? Ó gun orí àpótí, ó la ẹnu rẹ̀. Kò tíì sọ nǹkan kan tí ìyàwó Bàbá, Màmá Àṣàkẹ́ fúnra rẹ̀, fi jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ rẹ̀ funfun fún iṣu.

"Ta lo fẹ́ lé?"

"Màmá, wọ́n ti pọ̀ jù, èmi ò pe..."

"O bẹ ọ̀wẹ̀ àbí o ò bẹ ọ̀wẹ̀?"

"Mo bẹ ọ̀wẹ̀, Màmá."

"Wọ́n sì gbọ́, wọ́n gbé ọkọ́ wọn wá láti Ìrèlé, wọ́n gbé e wá láti Ìlúpéjú, o wá ní kí wọ́n máa lọ ulé wọn? Kí wọ́n fi wá ṣẹlẹ́yà dé Ìkọ̀lé? Bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, jàre." Ó yíjú sí ẹ̀yìnkùlé, ó ké: "Ẹ gbé usu sí i! Ẹ lọ yá odó ulé kejì wá! Èrò ti dé!"

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ẹ̀yìnkùlé fi bẹ̀rẹ̀. Gbì. Gbì. Gbì. Odó méjì di odó mẹ́rin. Nínú ilé kòkó, Abdulazeez yọ gbohùngbohùn kúrò létí rẹ̀, ó nà án sí Moyinolúwa. Moyinolúwa fi sétí. Odó nìkan ló gbọ́. Ó ti bẹ bírìkìlà, ó ti bẹ ọlọ́kadà, ọmọ Èkìtì sì pe àlejò tán, ó gbàgbé pé wọ́n á gún iyán! Ó sáré lọ sẹ́yìnkùlé, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá odó dúró díẹ̀. Ó ń wọnú ẹ̀rọ."

"Uyán kì í dúró de fèrè."

"Ẹ fi sínú kúlà, Màmá mi."

Màmá Àṣàkẹ́ wò ó tìyanu-tìyanu. "Uyán inú kúlà? Fún àlejò? Èmi Àṣàkẹ́?" Àwọn obìnrin tó ń gún iyán pa ọmọ odó tì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀yìn-ò-rẹyìn, wọ́n jọ ṣe àdéhùn. Odó yóò máa dún títí àwọn Mùsùlùmí yóò fi kírun àyílà ọ̀sán tán. Lẹ́yìn ìrun, odó yóò dákẹ́, fèrè yóò dún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì, iyán yóò ti tutù, Màmá Àṣàkẹ́ ò sì ní gbọ́ àlàyé. "Mo ti gbọ́ fèrè ọkọ mi láti ìgbà tí mo ti wọlé rẹ̀," ló wí. "Ọkọ ẹlòmíràn ra ìró fún un. Tèmi dá orin tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó o."

Kò bínú tó bó ṣe sọ ọ́ o. Ṣùgbọ́n Moyinolúwa rí i pé bó ṣe ń sọ ọ́, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó padà wọlé, ó bá Bàbá láàárín èrò, ó ti dìde lórí òṣùwọ̀n, ó fi igi kan ń fa ilà sórí ilẹ̀. Ojú rẹ̀ ń tàn. Bí wọ́n bá sọ láàárọ̀ yẹn pé ara rẹ̀ lè yá tó báyìí, irọ́ ni Moyinolúwa ì bá pè é.

"Ẹ wò ó," ni Bàbá wí. "Ẹ̀yin ọmọ ìwé ń pè é ní jáàsì. Uṣẹ́ oko ni. Oko kan náà ni gbogbo wa jọ wà, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló ní poro tirẹ̀. Nígbà tó bá kàn ọ́, ro poro rẹ bó ṣe wù ọ́, má jẹ́ kí wọ́n kọ́ ẹ. Bó o bá ro ó tán, dúró, kí ẹni tó kàn wọlé. Àwọn yòókù, ẹ máa gbè é, ẹ má sùn sórí ọkọ́."

Ló bá pín oko. Dókítà Glory ni yóò ṣílẹ̀. Festus kò ní poro, òun ni ilẹ̀ tí gbogbo wọn yóò tẹ̀. Àwọn ará Ìrèlé gba tiwọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba tiwọn, bàbá oníkọ́díọ̀nù gba tirẹ̀. Àlàájà Sọ̀fíyátù ní kí wọ́n má fi àwọn obìnrin sí ìkángun o, Bàbá ní àárín gan-an ni wọ́n wà. Onífèrè rẹfirí gba poro kékeré kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá wá ń kọ́ wọn ní orin náà látẹnu, ó ń kùn ún, wọ́n ń gbè é, ó ń tún un ṣe, kò sì fọwọ́ kan fèrè rẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n dé ìparí, ó dákẹ́.

"Ìparí rẹ̀ ńkọ́, Bàbá?" ni Dókítà Glory bi í.

"Ìyẹn, ti olóko ni."

Moyinolúwa fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ fun tiyín. Ẹ fun un níbẹ̀rẹ̀, kí eyín tó yẹ̀. Àwọn yòókù á tẹ̀ lé yín."

"O ti pè é ní ọ̀wẹ̀, Moyin. Olóko kì í kọ́kọ́ ro poro tirẹ̀ tán, kó wá jókòó sábẹ́ igi máa wo àlejò."

"Tí eyín bá wá yọ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ó yọ sóko mi."

Ẹnu ara rẹ̀ ni Moyinolúwa fi pe ọ̀wẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ ló sì mú un. Ó lọ tún ọ̀nà ọ̀fun sásófóònù rẹ̀ nù.

Wọ́n kírun tán. Odó dákẹ́. Gbogbo Òmù dà bí ẹni pé ó fà sẹ́yìn, ó ń retí. Wọ́n ti fún ara wọn mọ́ inú ilé kòkó, èjìká kan èjìká, òórùn kòkó àtijọ́ ń jáde lára àpò, òógùn ń ṣẹ̀ lójú wọn, kò sí ẹni tó wúkọ́. Abdulazeez na àtàǹpàkò sókè.

Dókítà Glory ṣílẹ̀. Ó fi ìka kan tẹ ohùn kan, ó dúró, ó tẹ méjì, ó wá fi gbogbo ìka rẹ̀ wọlé, Festus sì gbà á lẹ́sẹ̀ kan náà. Háà, ó dùn! Ó dùn débi pé Moyinolúwa gbàgbé láti mí. Àwọn ará Ìrèlé wọ poro tiwọn bí ẹni tí wọ́n ti so mọ́lẹ̀ láti àárọ̀, fèrè ń lé fèrè, ọ̀kan ń bi, èkejì ń dáhùn. Fáólìn ké. Kọ́díọ̀nù mí hẹ̀ẹ̀, bàbá tó ni ín di ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí òun nìkan rí. Nígbà tí ó kan Àlàájà Sọ̀fíyátù àti àwọn èèyàn rẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sọ, ohùn wọn gòkè lọ bá páànù, ọmọ Tív kan tó gbé gìtá lọ́wọ́ pariwo "ẹ̀ẹ̀ẹ̀!" sínú ẹ̀rọ, ibẹ̀ ló sì wà dòní. Ẹ gbọ́, onífèrè rẹfirí náà gba poro rẹ̀! Ó fun ún lẹ́ẹ̀mẹta, ní ojú ibi tó yẹ gẹ́lẹ́, ó sì fi fèrè sápò.

Ó kan Moyinolúwa. Ó ti rò pé òun yóò ṣe é ní kúkúrú, kó lè yára dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Ṣùgbọ́n bó ṣe fi sásófóònù sẹ́nu, ó rí Bàbá tó ń mi orí fún un, bó ṣe máa ń mi orí nígbà tó wà ní kékeré, gbogbo ìbẹ̀rù náà bá tú dànù. Ó ro poro rẹ̀ láìwẹ̀yìn. Kò mọ ohun tó fun. Ó mọ̀ pé inú òun ò dùn tó báyẹn rí.

Ló bá kan olóko.

Bàbá Lánípẹ̀kun dìde, ó fi fèrè kan ètè, ó sì gbé ohùn kan jáde tó mú gbogbo wọn rọra relẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ohùn náà kò le, kò pariwo. Ohùn ẹni tó mọ ibi tó ń lọ ni. Ó rin orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó yà síbí, ó yà sọ́hùn-ún, ó gbé díẹ̀ lára ohun tí àwọn ará Ìrèlé ṣe, ó fi ṣe tirẹ̀, ó gbé ti Àlàájà, ó dá a padà fún un, Àlàájà pariwo "Alihamudulilahi!" Omi bọ́ lójú Moyinolúwa. Ó ku díẹ̀. Ó ku ìparí, èyí tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá gba èémí, ó gbé fèrè sókè.

Fíì.

Ohùn já. Bàbá gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, atẹ́gùn nìkan ló jáde. Ó fi ahọ́n wá eyín kiri, ó tu ú sọ́wọ́, ó wò ó. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà létè rẹ̀. Ó fi eyín náà sápò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun, ó tún gbé fèrè sẹ́nu, atẹ́gùn tún ni. Festus kò dúró, Dókítà Glory kò dúró, wọ́n ń tẹ ilẹ̀ náà yípo, yípo, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí orin kàn. Abdulazeez yíjú sí Moyinolúwa, ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnì: kí n pa á? Moyinolúwa mi orí rárá. Kò mọ ìdí tó fi mi orí. Kò kàn lè jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ ni yóò pa fèrè Bàbá.

Ìgbà yẹn ni ohùn kan wọlé láti ẹnu ọ̀nà.

Màmá Àṣàkẹ́ ni. Ó ti wá sọ pé iyán ń tutù. Ó ti dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì funfun fún iṣu, ọmọ odó sì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ń kùn, kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ gbẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ̀ níbì kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ níbi tí fèrè ti já. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró níbi kan tí ẹnikẹ́ni ò rò, ó tún gòkè díẹ̀, ó wá rọra wálẹ̀ bí ẹni ń sọ ẹrù. Moyinolúwa mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ ọ rí. Ìparí orin náà ni. Ìyàwó Bàbá kùn ún tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Dókítà Glory ti rí ọ̀nà, ó wọlé sábẹ́ rẹ̀. Moyinolúwa gbé sásófóònù, ó tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, àwọn ará Ìrèlé tẹ̀ lé Moyinolúwa, àwọn obìnrin Ìlúpéjú gbé e láti inú àyà, títí gbogbo ilé kòkó fi di ohùn kan, tí Màmá Àṣàkẹ́ sì wà níwájú. Wọ́n bá a sọ ẹrù náà sílẹ̀. Wọ́n dákẹ́.

Abdulazeez dúró títí ohùn tó kẹ́yìn fi kúrò lára páànù. Ó wá tẹ bọ́tìnì.

Bàbá ń wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà odò.

"Àṣàkẹ́. Níbo lo ti mọ̀ ọ́n? Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti máa ń fun ìyẹn, kí ilẹ̀ tó mọ́. O máa ń sùn."

"Ta ló ń sùn? Ilẹ̀kùn ulé wa, ṣé ó nípọn ni?" ni Màmá Àṣàkẹ́ dáhùn. "Láràárọ̀, láti ọjọ́ tí mo ti dé ulé rẹ. Ìgbà wo lo dákẹ́ tí n ó fi gbàgbé?"

Bàbá fẹ́ fèsì, ẹ̀rín ló jáde, ihò ńlá sì wà láàárín ẹ̀rín náà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ariwo wá sọ! Wọ́n ń gbé ara wọn sókè, Festus ń lu dírọ́ọ̀mù bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, Àlàájà Sọ̀fíyátù di mọ́ ọmọ rẹ̀ débi pé gbohùngbohùn já lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n gbọ́ orin náà padà, ibẹ̀ ló wà, gbogbo rẹ̀: fíì, atẹ́gùn, ìdákẹ́jẹ́ fèrè, ohùn Màmá.

Moyinolúwa súnmọ́ Bàbá. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ti mọ ìparí rẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè fi sásófóònù fun un lọ́la, kí Abdulazeez fi pa ibi tó já yẹn rẹ́. Kó lè dán."

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án," ni Bàbá wí. "Poro olóko nìyẹn. Mo rò pé èmi ni olóko."

Ó wo ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n Màmá Àṣàkẹ́ ti kúrò níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń jágbe mọ́ àwọn èèyàn pé ta ló fẹ́ jẹ iyán tútù, àwọn wo ni wọ́n bí sínú fèrè tí wọn ò mọ àsìkò oúnjẹ, ẹ wá, ẹ wẹ ọwọ́, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ń bẹ. Wọ́n tú jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ìparí orin náà lójú ọ̀nà ibi omi, kò pẹ́ tí gbogbo ìlà fi gbè é.

Moyinolúwa mú Bàbá jókòó, ó béèrè bóyá ó lè jẹun pẹ̀lú ẹnu tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Bàbá ní iyán ò béèrè eyín lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ó yọ eyín náà lápò, ó fi lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ kó bá òun tọ́jú rẹ̀, ó wẹ ọwọ́, ó sì bu òkèlè.